Wọ́n Fún Òyìnbó ní Nẹ́ẹ̀tì, Wọ́n Rán Wolé-wolé sí Wa

Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí nẹ́ẹ̀tì fèrèsé yàrá wa ti ya. Kì í ṣe olè ló ya á, kì í sì í ṣe ológbò. Àwa fúnra wa la fi bíléèdì gé igun rẹ̀ lọ́jọ́ tí a fẹ́ fa wáyà jẹnẹrétọ̀ wọlé, a sì ní tó bá di ọjọ́ kejì a máa rán an. Ọjọ́ kejì di ọ̀sẹ̀ kejì. A ti yọ wáyà kúrò, ihò ò kúrò. Ńṣe ló ń fẹ̀ sí i, torí nẹ́ẹ̀tì onírọ́bà tí oòrùn ti ń pa láti ọjọ́ pípẹ́, béèyàn bá fọwọ́ kàn án lásán, á já. A ki ọ̀rá bọnú ihò náà, afẹ́fẹ́ gbé e lọ. A fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́, ooru bó o kúrò. Lẹ́yìn náà ni àbúrò wa tó kéré jù ṣe ibà lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù kan. Nígbà tí a ro owó àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ pọ̀ mọ́ owó oògùn, ó ju iye tí káfíńtà ní ká mú wá fún nẹ́ẹ̀tì tuntun lọ.

A pe baba onílé. Bàbá ní nẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ara ilé, pé ilé ni àwọn gbà owó lé lórí, àwọn ò gba owó ẹ̀fọn. Ọ̀rọ̀ yẹn pa wá lẹ́rìn-ín, ó sì bí wa nínú. Ṣùgbọ́n nígbà tí a jókòó rò ó, a rí i pé ìbéèrè gidi ló wà nínú ẹ̀. Ṣé ara ilé ni nẹ́ẹ̀tì, àbí ọ̀ṣọ́ ni? Ta ló tọ́ sí, ta ló sì yẹ kó sanwó ẹ̀? Láti nǹkan bí ọdún 1900 ni wọ́n ti ń fa ọ̀rọ̀ yìí mọ́ ara wọn lọ́wọ́ ní Èkó, ibi tí wọ́n sì parí ẹ̀ sí ò tíì kúrò lára ilé tí à ń gbé títí dòní.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí asẹ́. Nẹ́ẹ̀tì ojú fèrèsé kì í ṣe ọmọ àwọ̀n apẹja o, asẹ́ ló bí i. Ní Georgetown, ní ìpínlẹ̀ Connecticut ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ kan wà tó ń jẹ́ Gilbert & Bennett. Láti 1818 ni iṣẹ́ asẹ́ híhun ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Irun ẹṣin ni wọ́n kọ́kọ́ ń hun, kí wọ́n tó bọ́ sórí wáyà. Nígbà tí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà bẹ́ sílẹ̀ ní 1861, ọ̀nà ọjà sí apá gúúsù dí pa. Wáyà híhun kún ilẹ̀, kò sí ẹni tó máa fi ṣe asẹ́. Ni wọ́n bá fi ọ̀dà kun wáyà náà kó má baà dípẹtà, wọ́n sì ń tà á fáwọn èèyàn pé kí wọ́n fi dí ojú fèrèsé. Kì í ṣe àwọn ló kọ́kọ́ ronú kàn án, àwọn kan ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ ṣáájú wọn, ṣùgbọ́n láti ìgbà yẹn ló ti di ọjà tó ń tà wàràwàrà.

Ẹ kíyè sí nǹkan kan. Eṣinṣin ni wọ́n fi ń lé, àti ẹ̀fọn tí kì í jẹ́ kéèyàn sùn. Agbára káká lẹ fi máa rí ẹni tó fi ẹ̀fọn àti ibà sójú kan náà nígbà yẹn. Orúkọ malaria fúnra rẹ̀, èdè àwọn ará Ítálì ni, ohun tó sì túmọ̀ sí ni afẹ́fẹ́ burúkú. Wọ́n gbà pé òórùn àbàtà ló ń mú èèyàn ṣàìsàn, torí náà bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, wọ́n á ti fèrèsé gbọn-in-gbọn-in. Àwọn bàbá wa náà ní oòrùn ni, àti iṣẹ́ àṣekúdórógbó. (Ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ ìyá yín lónìí tẹ́ ẹ bá ṣe ibà, ẹ ó gbọ́ ọ: “Mo ní kó o yé rìn nínú oòrùn!”) Kò sẹ́ni tó yẹ kó fi ẹnìkejì ṣe yẹ̀yẹ́ níbẹ̀.

Ọjọ́ 20 oṣù kẹjọ ọdún 1897 ni Ronald Ross, dókítà ológun kan tó wà ní Secunderabad ní ilẹ̀ Íńdíà, rí kòkòrò ibà nínú ikùn ẹ̀fọn. Ọdún tó tẹ̀ lé e, Battista Grassi àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ítálì fi hàn pé ẹ̀fọn tí wọ́n ń pè ní Anopheles ló ń gbé ibà èèyàn kiri. Ó dáa, ẹ̀fọn ni. Bí wọ́n bá wá dí ọ̀nà mọ́ ẹ̀fọn, ṣé ibà náà máa dáwọ́ dúró? Ìbéèrè yẹn ló sọ nẹ́ẹ̀tì di nǹkan míì.

Ní 1900, Grassi lọ sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ Capaccio ní gúúsù Ítálì, níbi tí ibà ti ń da àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè dùbúlẹ̀ lọ́dọọdún. Wọ́n fi nẹ́ẹ̀tì dí ilé àwọn kan, wọ́n sì ní kí wọ́n má jáde láti ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Nínú èèyàn 112 tí wọ́n dáàbò bò báyìí, 5 péré ló ṣe ibà. Àwọn 415 tí wọn ò dáàbò bò ńkọ́? Agbára káká lẹ fi máa rí ẹni tí ibà ò mú nínú wọn.

Lọ́dún yẹn kan náà, Patrick Manson, dókítà àgbà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ní kí wọ́n kan ilé pákó kékeré kan ní Ìlú Ọba, kí wọ́n sì gbé e lọ sí ẹ̀bá Ostia nítòsí Róòmù, níbi tí ibà ti ń jẹun jù. Wọ́n fi nẹ́ẹ̀tì onírin dí gbogbo fèrèsé àti ẹnu ọ̀nà. Dókítà méjì, Sambon àti Low, pẹ̀lú ayàwòrán kan tó ń jẹ́ Terzi, kó wọ inú ẹ̀. Wọ́n gbé ibẹ̀ láti oṣù keje sí oṣù kẹwàá. Lọ́sàn-án wọ́n ń rìn káàkiri bó ṣe wù wọ́n, wọ́n ń ṣiṣẹ́, òjò ń pa wọ́n, oòrùn ń pa wọ́n, afẹ́fẹ́ àbàtà tí gbogbo ayé ń bẹ̀rù ni wọ́n ń mí símú. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n á wọlé, wọ́n á ti ilẹ̀kùn. Wọn ò lo kínínì rárá. Àwọn ará àdúgbò ń dùbúlẹ̀, ṣùgbọ́n ibà ò mú ẹnì kankan nínú wọn.

Èyí tó wá ya wá lẹ́nu jù ni ti Kúbà. Ibà pọ́njú ni wọ́n ń bá jà níbẹ̀. Carlos Finlay, dókítà ọmọ Kúbà, ti sọ ọ́ láti 1881 pé ẹ̀fọn ló ń gbé e, wọ́n sì fi í ṣe ẹlẹ́yà fún nǹkan bí ogún ọdún. Ní oṣù kejìlá ọdún 1900, Walter Reed àtàwọn dókítà ológun Amẹ́ríkà kọ́ ilé kékeré kan nítòsí Havana, yàrá kan ṣoṣo, wọ́n sì fi wáyà nẹ́ẹ̀tì la yàrá náà sí méjì. Wọ́n tú ẹ̀fọn 15 tó ti mu ẹ̀jẹ̀ aláìsàn sí apá kan. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ John Moran, tó fínnúfíndọ̀ yọ̀ǹda ara rẹ̀, wọ apá yẹn lọ dùbúlẹ̀ kí wọ́n máa jẹ ẹ́. Àwọn mìíràn wà ní apá kejì, wọ́n ń wò ó láti ojú nẹ́ẹ̀tì. Afẹ́fẹ́ kan náà, òrùlé kan náà. Ọjọ́ Kérésì gan-an ni ara Moran gbóná, ibà pọ́njú mú un. Kò kú, a dúpẹ́. Àwọn tó wà lẹ́yìn nẹ́ẹ̀tì ò ṣe nǹkan kan. Wáyà asẹ́ lásán ló wà láàárín àwọn méjèèjì.

Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí àwíjàre mọ́. Nígbà tí àwọn Amẹ́ríkà lọ gbẹ́ ọ̀nà omi Panama láti 1904, nẹ́ẹ̀tì wà lára ohun tí wọ́n fi dí ilé òṣìṣẹ́.

Èkó ńkọ́? William MacGregor dé gẹ́gẹ́ bíi gómìnà ní 1899. Ará Scotland ni, dókítà ni kó tó di gómìnà, ó sì gba ọ̀rọ̀ ẹ̀fọn gbọ́ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ẹ̀sìn tuntun. Ó ní kí wọ́n kó iyẹ̀pẹ̀ dí àbàtà. Ó ní kí wọ́n máa pín kínínì. Ní 1901, àwọn ìyáàfin Èkó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, Lagos Ladies' League, àwọn náà ń gbé kínínì lọ bá àwọn abiyamọ nílé wọn. Gómìnà ní kí wọ́n gbẹ́ ojú omi kan láti fa omi àbàtà kúrò láàárín Èkó àti Ìkòyí, òun ni wọ́n ń pè ní MacGregor Canal. Ó sì ní kí wọ́n fi nẹ́ẹ̀tì dí ilé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba.

Ẹ má rò pé inú àwọn òṣìṣẹ́ náà dùn sí i. Ọ̀pọ̀ òyìnbó ní ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú nígbà yẹn ló ń ráhùn pé nẹ́ẹ̀tì ń dí atẹ́gùn lọ́wọ́, pé ó dà bíi kí wọ́n ti èèyàn mọ́ inú àgò ẹyẹ. A ò lè dá wọn lẹ́bi tán. Ẹni tó bá ti sun Èkó nínú oṣù kẹta láìsí iná mọ̀ pé atẹ́gùn kékeré tó ń wọlé yẹn, tó bá dín kù, ọ̀rọ̀ di ti ẹkún. Nẹ́ẹ̀tì nígbà náà sì jẹ́ ti wáyà, afẹ́fẹ́ oníyọ̀ etí òkun ò sì jẹ́ kí irin pẹ́.

Ṣùgbọ́n ohun tó pa nẹ́ẹ̀tì lára jù, kì í ṣe ooru. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Lọ́ńdọ̀nù, Royal Society, ti rán àwọn dókítà méjì, Stephens àti Christophers, wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọdé wò, wọ́n sì rí i pé ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń sáré kiri, tó ń ṣeré, ló ní kòkòrò ibà nínú ẹ̀jẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n rí. Ìdájọ́ tí wọ́n ṣe lé e lórí ló wọ́. Wọ́n ní ọmọ dúdú ni ilé ìṣúra ibà, torí náà kí òyìnbó máa gbé ibi tó jìnnà sí i. Dókítà bá àìsàn lára ọmọ, oògùn tó wá kọ ni pé ká sá fún ọmọ náà!

MacGregor ò gbà. Lójú tirẹ̀, bí òyìnbó bá kó lọ dá gbé, àárín wọn àtàwọn ará ìlú máa bàjẹ́, ìlú ò sì ní í rí ìtọ́jú. Ó ní gbogbo ìlú ni kí wọ́n tún ṣe. A ò sọ pé ọkùnrin yìí kì í ṣe amúnisìn o; gómìnà ọba Gẹ̀ẹ́sì ni, iṣẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì ló ń jẹ́. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ yìí, ó rí ohun tí àwọn tó kù ò fẹ́ rí.

Ó kúrò ní Èkó ní 1904. Lọ́dún yẹn gan-an, wọ́n ṣí Hill Station ní Freetown, orí òkè ni, ilé òyìnbó nìkan, pẹ̀lú rélùwéè tó ń gbé wọn lọ sí ibi iṣẹ́. Nígbà tí Lugard wá so gúúsù àti àríwá Nàìjíríà pọ̀ ní 1914, èrò Hill Station ló borí. Òfin ìlú tí wọ́n ṣe ní 1917 ya ibùgbé òyìnbó sọ́tọ̀, ìlànà sì ni pé kí ilẹ̀ òfìfo tó fẹ̀ tó 440 yáàdì wà láàárín wọn àti ilé aláwọ̀ dúdú, torí wọ́n gbà pé ẹ̀fọn ò lè fò kọjá ibẹ̀. Ìkòyí di ibùgbé òyìnbó. Ojú omi tí MacGregor gbẹ́ kí gbogbo ìlú lè bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀fọn, òun gan-an ló wá di ààlà láàárín àwọn àti àwa. Ta ló wá ń se oúnjẹ wọn? Ta ló ń fọ aṣọ wọn? BQ ẹ̀yìn ilé ni àwọn yẹn ń sùn sí. Ẹ̀fọn ò sì mọ ẹni tó wá ṣiṣẹ́ yàtọ̀ sí ẹni tó wá gbé.

Àwa tó kù lódìkejì ààlà, wolé-wolé ni wọ́n rán sí wa. Ẹ bi àwọn àgbà léèrè, wọ́n á sọ ìtàn wọn fún yín. Wolé-wolé á dé láàárọ̀, á wo kọ̀rọ̀ ilé, á yẹ ilé ìdáná wò, á ṣí ìkòkò omi. Bó bá rí tanwíjí nínú omi yín, owó ìtanràn ni, àbí kóòtù. Iṣẹ́ wọn dáa, ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Tanwíjí òní ni ẹ̀fọn ọ̀la, ilé tó mọ́ sì sàn ju ilé tó dọ̀tí. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí omi fi wà nínú ìkòkò? Omi ẹ̀rọ Ìjú ò dé Èkó títí di 1915, nígbà tó sì dé, kì í ṣe ojúlé gbogbo èèyàn ló yà sí. Ìjọba kan náà tí kò fún ẹ ní omi ẹ̀rọ ló ń bu owó ìtanràn lé ẹ torí pé o pọn omi pa mọ́. Kò sí wolé-wolé kankan tó gbé nẹ́ẹ̀tì dání.

Ohun tí a rò pé ó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Lẹ́bàá ààlà kan, ibà jẹ́ ọ̀rọ̀ ilé: fèrèsé, ilẹ̀kùn, òrùlé, owó ìjọba. Lẹ́bàá ààlà kejì, ibà jẹ́ ọ̀rọ̀ ìwà: o dọ̀tí ni, o ò da omi nù ni, ẹjọ́ ẹ ni. Àwọn òyìnbó lọ, wọ́n ti kọ́lé lé MacGregor Canal lórí débi pé ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń wọ Ìkòyí lónìí ò mọ̀ pé omi wà níbẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n nígbà tí baba onílé wa sọ pé àwọn ò gba owó ẹ̀fọn, ohùn yẹn la gbọ́ o.

Bẹ́ẹ̀ ìṣirò ò tì í lẹ́yìn. Ní agbègbè Farafenni ní Gámbíà, àwọn onímọ̀ fi nẹ́ẹ̀tì dí ilẹ̀kùn, fèrèsé àti etí òrùlé àwọn ilé kan, wọ́n ta nẹ́ẹ̀tì sí àjà àwọn mìíràn, wọ́n sì fi àwọn kan sílẹ̀ bó ṣe wà. Èsì rẹ̀ jáde ní 2009. Nínú ilé tí wọ́n fi sílẹ̀, ìpíndọ́gba ẹ̀fọn tí pàkúté ń mú lálẹ́ kan jẹ́ 37.5. Nínú èyí tí wọ́n dí yíká, 15.2. Nínú ilé tí wọ́n fi sílẹ̀, 30 nínú 100 ọmọ ni ẹ̀jẹ̀ wọn ò tó. Nínú èyí tí wọ́n dí, 19. Kì í ṣe iṣẹ́ ìyanu, torí èèyàn ń wọlé, èèyàn ń jáde. Ṣùgbọ́n ní orílẹ̀-èdè tí àjọ WHO sọ pé 27 nínú gbogbo 100 ibà tó ṣẹlẹ̀ lágbàáyé ní 2022 ti ṣẹlẹ̀, ìyàtọ̀ láàárín 30 àti 19 kì í ṣe nǹkan kékeré. Nẹ́ẹ̀tì orí bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n tẹ oògùn sí, wọ́n ń pín in, ó sì ń ṣiṣẹ́. Ti ojú fèrèsé, oníkálukú ló ń ṣe tiẹ̀.

A ṣe tiwa lọ́jọ́ Sátidé. A wọn fèrèsé pẹ̀lú tépù, a lọ sọ́jà. Ìyá tó ń ta nẹ́ẹ̀tì bi wá pé, “Ti rọ́bà lẹ fẹ́ ni àbí ti irin?” A ní rọ́bà, torí owó. Wọ́n ní kí a gbé e sókè sójú oòrùn ká wo ojú ihò rẹ̀ dáadáa, pé àwọn kan wà níta tí ihò wọn fẹ̀ tó ẹnu ọ̀nà. Èyí tó dáa máa ń ní ihò 16 sí 18 nínú íǹṣì kan.

Fèrèsé wa, ti lúfà ni. Pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́rin ló di nẹ́ẹ̀tì mú. (Tó bá jẹ́ ti alumíníọ̀mù lẹ ní, kò ní í sí ìṣó níbẹ̀, okùn rọ́bà kan ló ki nẹ́ẹ̀tì bọ inú kòtò etí férémù, ẹ fà á yọ, ẹ tẹ nẹ́ẹ̀tì tuntun lé e, ẹ wá ki rọ́bà padà.) A fi ìdí hámà yọ pátákó náà lọ́kọ̀ọ̀kan, a rọra, kó má baà ṣẹ́. Nẹ́ẹ̀tì àtijọ́ já bọ́ sí wa lọ́wọ́ pẹ̀lú erukuku, òkú eṣinṣin àti jàǹkárìwọ̀. A gé tuntun kí ó fi íǹṣì méjì ju férémù lọ ní gbogbo ẹ̀gbẹ́. A kan ti òkè, a fà á wálẹ̀, a kan ti ìsàlẹ̀, ìgbà yẹn la tó rí i pé ó ti wọ́, gbogbo ìlà ẹ̀ dagun bí ẹni tó mutí yó. A tú u. Ìgbà kejì, a kan ìṣó kan sí àárín òkè, ọ̀kan sí àárín ìsàlẹ̀, ọ̀kan sí ọ̀tún, ọ̀kan sí òsì, kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí igun. Ìyẹn ló bá a mu. A ṣẹ́ etí rẹ̀ po sábẹ́ pátákó kó má baà tú, a sì dá pátákó padà.

Alẹ́ ọjọ́ náà, àbúrò wa pa iná, ó gbé tọ́ọ̀ṣì fóònù sójú fèrèsé. Yànmùyánmú mẹ́ta ló bà sí ìta nẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń rìn kiri lórí ẹ̀, wọ́n ń wá ihò. Ó wá yí tọ́ọ̀ṣì sí òkè, ó fi àlàfo tó wà láàárín ògiri àti àjà hàn wá, èyí tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò ka sí rí. Ó tó kí ìka ọwọ́ méjì wọ̀ ọ́.

A ti kọ iye tí a ná sínú ìwé: nẹ́ẹ̀tì yáàdì méjì, ìṣó, owó ọkọ̀. A fi ránṣẹ́ sí baba onílé lórí WhatsApp, a ní kí wọ́n jọ̀ọ́ yọ ọ́ nínú owó ilé tó ń bọ̀, a sì fi fọ́tò àlàfo òkè ògiri náà kún un. Ó ti di aláwọ̀ búlúù, wọ́n ti kà á. Wọn ò tíì fèsì.